Ilé Kọkànlélógún: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Díákónì Samuel Rótìmí Ògúnrìndé (1943–2007)

Ní oṣù Kẹta ọdún 1943 ni a bí Bàbá wa ní Tudun Wada, Minna. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn, Adéagbo Ògúnrìndé, tó ń ta abọ́ tánganran. Oyèbọ́lá ni orúkọ ìyá wọn. Ọmọ méjì ti kú ṣáájú wọn, ìdí nìyẹn tí òbí wọn fi fi orúkọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, títí wọ́n fi rí ohun tí kò yẹ kí ojú wọn rí.

Wọ́n kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi níhìn-ín, wọ́n sì parí ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1962. Ní 1971 wọ́n gbé Victoria Adétóun Akínladé, aránṣọ, níyàwó. Ní 1976 ni wọ́n wọ ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń ṣèṣirò bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé. Ìdílé yìí kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn, àwọn kan nínú wọn sì jókòó síwájú lónìí.

Láti 1992, ní ọdún méjì-méjì, Bàbá ń gun ọ̀kadà lọ sí abúlé Gidan Kuka, sí ilé mọ́kànlélógójì kan náà, láti mọ ohun tó ń wọlé fún wọn. Wọn kì í bèèrè iye owó. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún àlejò? Wọ́n á jókòó lórí ẹní, wọ́n á bèèrè iye abọ́ ìwọ̀n mudu ọkà bàbà tí ilé náà sè láti ọjọ́ ọjà tó kọjá, igi tí wọ́n tà, ewúrẹ́ tó bímọ àti èyí tó kú. Ìdí nìyí tí àwọn ará abúlé fi ń pè wọ́n ní Mai Tambaya, oníbéèrè.

Bí Bàbá bá padà délé, wọ́n á kọ ti ilé kọ̀ọ̀kan sórí ègé ìwé, wọ́n á tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, láti ilé tí kò ní rárá títí dé ti Alájì tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ tan fáànù. Wọ́n á ka ogún láti apá kan, wọ́n á ka ogún láti apá kejì. Èyí tó kù láàárín, ilé kọkànlélógún, ni wọ́n ń wò láti mọ bí abúlé ṣe rí.

Ní 1992, ẹgbẹ̀ta náírà ló ń wọ ilé àárín yẹn lóṣù. Ní 2002, ó ti di ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún ro owó Alájì mọ́ ti gbogbo ilé, wọ́n pín in dọ́gba, wọ́n ní òṣì ti tán ní Gidan Kuka. Bí ẹnì kan bá jẹ ẹyin mọ́kànlélógójì, tí ogójì ènìyàn ń wò ó lẹ́nu, ìṣirò wọn yóò sọ pé olúkúlùkù jẹ ẹyin kan. Irọ́ gbáà ni! Irọ́ yẹn ni wọ́n sì fi gbé ilé ìwòsàn tí a ti wọn ilẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Bàbá kọ̀, wọn kò buwọ́ lu ìwé ìròyìn àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá wá sọ pé Tudun Wada ni Bàbá ń jókòó sí tí wọ́n ń hùmọ̀ iye. Bàbá tí bàtà wọn gbó sójú ọ̀nà yẹn! Ní 2003, wọ́n fipá fẹ̀yìn wọn tì bí olè.

Ní 2004, Asabe, ìyàwó Malam Danjuma tó ni ilé kọkànlélógún lọ́dún 2002, kú tòun toyún lórí ọ̀kadà, níbi tí wọ́n ti ń gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn ní Minna. Bàbá lọ síbi ìsìnkú náà. Láti ọjọ́ yẹn a kò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́. Inú ń bí wa, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wá.

Bàbá jẹ́ díákónì fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, ti Kìrìsìtẹ́nì, ti Mùsùlùmí. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ, 2007. Wọ́n fi aya sílẹ̀, àbúrò wọn Margaret, àwa ọmọ, Fọláwùnmí, Olúwadára àti Fisáyọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje tí wọ́n máa ń fi Hausa dá Bàbá lóhùn nígbà tí Bàbá bá fi Yorùbá bá wọn wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ náà fi lẹ́tà ìyìn ránṣẹ́ pé kí a tẹ̀ ẹ́ síbí, pé iṣẹ́ Bàbá ló fi hàn pé òṣì ti tán ní Gidan Kuka. A kò tẹ̀ ẹ́. Èyí tí Bàbá rí gan-an ni a tẹ̀, iye mudu ọkà bàbà tí owó oṣù kan ilé àárín lè rà: 1992, ọgọ́ta; 1994, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta; 1996, mọ́kànléláàádọ́ta; 1998, mọ́kàndínláàádọ́ta; 2000, mẹ́rìnlélógójì; 2002, ogójì.

Malam Danjuma wá kí wa lánàá pẹ̀lú mudu ọkà bàbà kan. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Bàbá, ó ní, “Mai Tambaya bai yi karya ba.” Mai Tambaya kò purọ́.

Ẹ sùn ire, Bàbá. Ìwé tiyín rèé. Àwa ọmọ yín ti buwọ́ lù ú.