Ojú Mi Tí Wọ́n Ní Ó Gbẹ

Ọ̀tọ̀-Àwórì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Adéọlá Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Báwo ni Àbújá, báwo ni iṣẹ́, báwo ni oorun? Ọlọ́run tó sìn ọ́ dé ibẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ. O kò ní rí ìjà onílé, oúnjẹ tó o bá jẹ yóò gbà ọ́ lára, ọ̀nà tó o bá gbà lọ lo máa gbà bọ̀. Ṣe àmín kó o tó máa kà á lọ.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Òjò ti sọ ọ̀nà ilé wa di ọ̀sà, ọlọ́kadà kì í gbà láti wọlé mọ́, wọ́n ń já wa sílẹ̀ lójú títì, a ó wá ká aṣọ sókè, a ó máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú ti kó lọ, ó ní òun ń lọ sí Iba níbi tí iná mànàmáná ti ń dúró díẹ̀. Adìẹ rẹ pa mẹ́sàn-án, àṣá gbé mẹ́rin. Igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé ṣì ń so, èmi náà ṣì ń se àdín, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, Adéọlá. Ó rẹ̀ mí débi pé tí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, mo máa dijú díẹ̀ kí n tó kọ ìkẹrin, nítorí náà tó o bá rí ibi tí ìlà ti wọ́, ibẹ̀ ni mo ti sinmi.

O lè máa sọ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ọ̀rọ̀ yìí kò ní jáde lẹ́nu mi, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Jímọ̀ tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Àbújá ló máa mú un wá, fún un lómi mu, ọ̀nà jìn.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ni. Láti bí ọdún méjì ló ti ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan da yanrìn sí i. Tí mo bá jí, mo máa fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú kó tó ṣí. Tí mo bá ti jókòó ti iná àdín, omi á máa dà wọ̀ọ̀, màá fi ìró nù ún títí ìró á fi rin. Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ta àtíbàbà sí Okokomaiko, wọ́n ní kí àgbàlagbà wá ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti Sàmíát, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń se àdín, la jọ lọ. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣọlágbadé, ọmọ kékeré, kò lè jù ọ́ lọ. Ó tan iná sí mi lójú, ó ní Màmá, ojú yín gbẹ ni. Mo ní ojú tó ń da omi láti àárọ̀ dalẹ́? Ó ní nítorí pé ó gbẹ ló ṣe ń da omi. Mo wo Sàmíát, Sàmíát wò mí. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí wọ́n wá sọ fún un pé òùngbẹ ló ń gbẹ ilé rẹ̀, kí ni yóò wí? A kò bá a jiyàn, ọmọ náà ti kàwé púpọ̀, ó sì jọ pé ó ti rẹ òun náà.

Ó ní àwọn ń dán oògùn kan wò ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Iba, oògùn tí wọ́n ń kán sójú kó lè máa tutù. Oríṣi méjì ni, ti àtijọ́ àti tuntun, ìgò wọn rí bákan náà, kò sí ẹni tó mọ èyí tí wọ́n fún ẹni, dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Àánú wọn ṣe mí. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà yẹn, wọn kò rántí kọ orúkọ sára ìgò. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, màá bá wọn fi imú mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe ń mọ àdín tó ti pẹ́ yàtọ̀ sí tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, ojú ewé mẹ́fà, wọ́n kà á fún mi ní Yorùbá. Ó wà níbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bínú sí mi. Ojú tì mí. Mi ò tíì wọlé tán, wọ́n ti ń bẹ̀ mí lórí ìjáde. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan kí n sá. Nọ́ọ̀sì wá fi bébà tín-ín-rín kan há mi lábẹ́ ìpéǹpéjú, ó rọ̀ síta bí ahọ́n ewúrẹ́, ó ní kí n dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó yọ ọ́, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ní mẹ́rin. Mo bi í pé nínú mélòó. Ó ní ó dáa kó ju mẹ́wàá lọ. Mo ní mo ti féèlì nìyẹn, ó ní kì í ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n Sàmíát gba méje, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ń kọ̀wé sórí fóònù mi ní aago méje àárọ̀ géérégé pé kí n má gbàgbé kán oògùn mi, á tún kọ ọ́ ní méje alẹ́. Kò sinmi ọjọ́ Àìkú, kò sinmi ọjọ́ Iléyá. Mo ń tẹ èsì díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, mo ń bá a tọrọ ọmọ àti ẹ̀mí gígùn. Kò ṣe àmín rí. Mi ò bínú, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ fún un.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Nọ́ọ̀sì Bámikẹ́, ọmọbìnrin tó fi bébà sí mi lójú, ló ń pè mí ní gbogbo ọjọ́rú. Ohùn ọmọ náà dùn. Á kí mi tán, á ní Màmá, báwo lojú yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ó ń ta yín, ṣé ó ń ṣe bí ẹni pé yanrìn wà níbẹ̀, ẹ fún mi ní nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́rin, òdo ni pé kò ṣe yín rárá, mẹ́rin ni pé ó le jù. Èmi á ní a dúpẹ́ o, ọmọ mi, ọmọ tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ó ní ó ti ń rìn. Mo ní a dúpẹ́. Á tún bi mí ní ti ojú ọ̀tún, mo ní a dúpẹ́, ti ojú òsì, mo ní Ọlọ́run ń ṣe é. Á ní ṣé kí òun kọ òdo sílẹ̀, mo ní kó kọ èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ni kí n sọ, Adéọlá? Ọmọ ọlọ́mọ jókòó síbi iṣẹ́, ó ń béèrè àlàáfíà mi, kí n wá máa da ìyà lé e lórí? Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ara ẹni, ọpẹ́ la fi ń dá a lóhùn. Sàmíát ni kò mọ ìyẹn. Tí wọ́n bá pe Sàmíát, á ro ẹjọ́ ojú, á ro ẹjọ́ orúnkún, á tún ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń sọ fún un pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé oògùn náà kò ràn mí. Tí mo bá kán an, ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtura rẹ̀ kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń rin àgbọn kan tán, yanrìn á tún padà. Ṣé o rántí ọjọ́ tó o pè mí lẹ́yìn Iléyá, tó o ní ṣé kò sí nǹkan, tí mo ní a dúpẹ́? Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jó odindi ìkòkò àdín kan. Ìdí ìkòkò ti pọ́n, ó ti dúdú, mi ò rí i, omi ti bo ojú mi, òórùn ló sọ fún mi. Mo dà á nù sẹ́yìn ilé, mo jókòó tì í, fóònù dún, ìwọ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la padà lọ sí Iba. Dókítà Ṣọlágbadé tẹ́ ìwé síwájú mi, òdo, òdo, òdo, ó tò lọ bí ẹyin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde dúró. Ó ní nínú gbogbo wa, èmi lojú mi dá jù. Ó ní bébà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà o, mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí olójú bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ làwọn ń gbára lé jù. Ó wá ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn máa pa ìwé náà dé. Àwọn tí ojú ṣì ń dùn, bíi Sàmíát, máa gba ìgò mìíràn àti ìtọ́jú sí i. Èmi ti parí, mo ti sàn. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá kí wọ́n gbé oògùn náà jáde, kí gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ lè máa rà á. Mo súre fún un, mo dúpẹ́, mo jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún dúpẹ́.

Inú kẹ̀kẹ́ lọ́rọ̀ náà ti wá wọ̀ mí lára. Àwọn kan wà níbì kan, ní Badagry, ní Ìlọrin, tí mi ò mọ̀ rí, tí yanrìn wà lójú wọn bíi tèmi. Wọ́n máa mú owó oúnjẹ lọ ra ìgò yẹn torí pé ìyá àgbàlagbà kan ní Ọ̀tọ̀ sọ pé ó sàn. Ọpẹ́ ni mo ń dá, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí. Adéọlá, mi ò jẹ́rìí èké rí láyé mi. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí sí ààlà ilẹ̀ tí mi ò mọ̀, mo kọ̀, o wà níbẹ̀.

Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Láàárọ̀ àná mo pe nọ́ọ̀sì fúnra mi, mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e, ó ní háà, Màmá, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí, ojú ńkọ́? Mo ní a dúpẹ́. Mo ní kó bá mi kí ọmọ. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí àpótí, ó rẹ̀ mí bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Badagry. Sàmíát tó wà níbẹ̀ kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń bi mí pé báwo ni, òun ò tíì gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu mi, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀ yìí mo máa padà lọ kí wọ́n tó pa ìwé náà dé. Mi ò ní sọ ọ́, mo ti kọ ọ́ sórí bébà lọ́tọ̀. Sàmíát ló máa fà á lé dókítà lọ́wọ́ kí n tó kí i, torí tí mo bá ti kí i, ó tán. Ohun tí mo kọ nìyí: Dókítà, mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ojú ń dùn mí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ta oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bínú.

Bá mi fi owó díẹ̀ rán Jímọ̀, fún ọkọ̀ àti fún ẹni tó máa bá mi dúró ti iná, dókítà ní kí n sá fún èéfín. Má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní Igbó-Elérin ti gbé káàdì mi mì, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo dúró kó pọ̀ ọ́ padà, títí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n máa lọ sílé.

Ohun kan ló kù. Ìwọ náà, Adéọlá. Láti ọdún mẹ́ta tó o ti wà níbẹ̀, kò sí ìgbà tí mo bi ọ́ tó o fún mi ní èsì mìíràn. Ọ̀gá rẹ ńkọ́, a dúpẹ́. Ọkùnrin yẹn tí o kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ ńkọ́, a dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun, Màámi, a dúpẹ́. Inú mi máa ń dùn, mo máa ń fi ọ́ yangàn fún Sàmíát pé ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́. Láti àná lẹ̀rù ti ń bà mí. Ta ló kọ́ ọ, bí kì í bá ṣe èmi?

Tó o bá pè, tó o bi mí, mo mọ̀ pé mo máa sọ pé a dúpẹ́. Má pa fóònù. Bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Èmi náà máa bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, tí àwa méjèèjì bá sì dákẹ́, kí a dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ẹnì kan fi máa sọ òótọ́. Owó fóònù tó bá ná wa, Ọlọ́run á pèsè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ̀mí rẹ, kó fún ọ lẹ́ni tó o lè ké sí níbi tó o wà, kó má jẹ́ kí ìyà jẹ ọ́ ní kọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ ò mọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú ń dùn,
Bàrákátù.