Ta Ni Yóò Tẹ Dùrù fún Ọmọ Ọ̀gá Akọrin?

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, mo kí yín láti Òṣogbo níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Nígbà tí mo bẹ ọ̀gá akọrin ìjọ wa pé kó kọ́ mi ní dùrù títẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo akọrin, ó ní: "Ọwọ́ tó ti fọ́ kòkó ní Ifẹ̀wàrà títí tó fi le bí igi yìí? Màmá, ẹ lọ máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ra kíbọ́ọ̀dù. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń ki ìyápíìsì bọ etí, màá sì tẹ̀ ẹ́ títí ìka á fi máa ro mí. Àlùfáà nìkan ló mọ̀.

Ní báyìí, ọmọbìnrin ọ̀gá yìí ń ṣègbéyàwó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa mú ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè jókòó sídìí dùrù. Àlùfáà sì ti ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá ò mọ̀ pé èmi ni. Ó tiẹ̀ fún mi ní ìwé ìpè tẹ̀ríntẹ̀rín! Ẹni tó ṣu ló gbàgbé, èmi tí mo kó o ò gbàgbé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ kó dùn débi tí ojú á fi tì í, àbí kí n káwọ́ gbera, kó fa ọmọ rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ láìsí orin? Ẹ má sọ pé kí n foríjì í o. Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.