Rédíò Ní Kí N Padà Wálé

Fọláfúnmi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Èkó? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Dárasími ọmọ yín ti ń jẹun dáadáa? Ẹ ò ní rí ohun tí apá yín kò ká, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, lórúkọ Jésù. Ara tèmi náà yá, orúnkún nìkan ló ń ṣe bíi pé kò mọ̀ mí rí. Òjò ti ń rọ̀ ní Òkukù níbí, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé sì ti gbọ́mọ pọ̀n.

Wá ibi jókòó kó o tó ka èyí tó kàn. Bàbá yín sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní bàbá yín, Kọ́láwọlé kápẹ́ńtà, tí a sin síwájú ilé yìí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, tí ìwọ fúnra rẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i! Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́, ṣe ni mo da gbogbo rẹ̀ nù. Wọ́n ní àwọn ń wá ìyàwó àwọn, Bọ́sẹ̀dé ọmọ Igbaye, tó bínú kúrò nílé tòun tọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn jẹ̀bi, àwọn bẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá rí i kó bá àwọn sọ fún un pé kó máa bọ̀ nílé.

Kí n tó dìde, ilé ti kún. Ìyá Jọláyẹmí ojúlé kejì ló kọ́kọ́ sáré dé, ó ní Màmá, níbo lẹ sá lọ pẹ̀lú ọjọ́ orí yín yìí? Mo ní mo wà nílé o, ṣé o ò rí mi ni? Pásítọ̀ wa náà gun ọ̀kadà dé, ó ń gbàdúrà kí Olúwa mú àgùntàn tó ṣìnà padà, èmi tí mo jókòó síwájú rẹ̀ sì ń ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó ń wá mi ló ti kú.

Mo rò ó pé bí ìkéde yìí ò bá dúró, orúkọ mi á bàjẹ́ dé Ìkìrun. Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì dé Ìkìrun, mo wọ òmíràn dé Òṣogbo, mo lọ bá àwọn onírédíò náà. Mo sọ fún ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà pé èmi ni Bọ́sẹ̀dé, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti padà wálé, kó jọ̀ọ́ sọ fún ọkọ mi kí wọ́n yé kéde mi, bí wọ́n bá sì wà nínú ilé, kó bá mi pè wọ́n jáde. Ọmọ náà sáré wọlé lọ pe ọ̀gá.

Ọ̀gá wọn kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́yẹmí ló wá ṣàlàyé. Ó ní téèpù àtijọ́ ni, inú yàrá kan ni wọ́n kó wọn sí láti ayé àwọn ológun, àwọn ti wá ń gbọn eruku rẹ̀, àwọn sì ń fi ṣe ètò ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí àwọn ọmọ ìwòyí lè gbọ́ bí ayé ṣe rí. Orin tí a jó nígbà náà, ìpolówó ọṣẹ, ìròyìn ìjọba tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn, ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní ṣé gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ níbí lẹ máa ń tì mọ́lé ni? Ó ní ohùn wọn nìkan ni. Ohùn nìkan kẹ̀? Ta ló ń fi ohùn sílẹ̀ lọ?

Mo ní kí wọ́n kó ohùn ọkọ mi fún mi. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan wá tó ń béèrè nọ́ńbà fóònù ẹni tó ni ohùn, àti pé kó fọwọ́ sí i. Mo ní kó burú, màá gbé e délé, màá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ sórí ibojì wọn, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, màá dá a padà. Kíá ni Ọpẹ́yẹmí gba fọ́ọ̀mù náà, ó ní kí èmi fọwọ́ sí i.

Ó wá sọ ọdún tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀. Ọdún 1984! Ìwọ lọmọ ẹ̀yìn yẹn, Fọláfúnmi.

Ọdún náà ni bàbá yín kó abọ́ tánganran mẹ́fà tí ìyá mi fún mi wá sílé ọkọ, wọ́n fi ta àbúrò wọn lọ́rẹ, Àǹtí yín Jọkẹ́ tó wà ní Inísà, wọn ò bi mí. Mo pọ̀n ọ́, ó di Igbaye. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi jókòó sílé bàbá mi tí mò ń retí kí ọkọ mi wá bẹ̀ mí. Rédíò wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú, orí páànù ni wọ́n sá a sí nínú oòrùn. Ikọ́ tó ń ṣe ọ́ ló lé mi padà. Bí mo ṣe wọlé, bàbá yín kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà ọ́ lẹ́yìn mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo bá ṣèpinnu pé ẹnu tí mo fi ń kì wọ́n láràárọ̀, n kò ní fi kì wọ́n mọ́ àfi bí wọ́n bá bẹ̀ mí. Ọgbọ̀n ọdún, Fọláfúnmi! Ẹ káàárọ̀ lásán ni mò ń kí wọn, bí ẹni ń kí ọlọ́pàá. Àṣé wọ́n ti bẹ̀ mí. Gbogbo ayé gbọ́, ẹni tó gbọ́ sì rò pé èmi náà gbọ́. Bàbá yín rò pé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló mú mi wálé, wọ́n wá ń dúró de oríkì wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, wọ́n ní Bọ́sẹ̀dé, ṣé o ṣì ń bínú ni? Mo ní kí wọ́n mu oògùn wọn. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí wọra.

Wọ́n kó ohùn náà sínú mẹ́mọ́rì kan tí kò tó èékánná, bàbá yín tó ga débi pé ṣe ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé! Mo bi Ọpẹ́yẹmí bóyá kò ní há wọn mọ́. Mo ti so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi, n kì í sì í sún mọ́ iná. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra rédíò tó ń lo mẹ́mọ́rì, kó jẹ́ èyí tí ohùn rẹ̀ ròkè. Fi rán Olúwatìmílẹ́yìn awakọ̀, má fi sí báǹkì, nítorí ẹ̀rọ tó ń pọ owó gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo dúró tì í títí, kò pọ̀ ọ́. Mo fẹ́ gbé rédíò náà síwájú ibojì, kí bàbá yín bẹ̀ mí, kí n sì kì wọ́n.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Mo dán oríkì náà wò láàárọ̀ yìí. Mo ní Àkànní, mo ní ọmọ... n kò mọ èyí tó kàn. Ó ti lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán mọ́ àfi Jọkẹ́, tí èmi àti ẹ̀ kò kíra wa dénú láti ìgbà ọ̀rọ̀ abọ́. Mò ń lọ sí Inísà ní Sátidé, àbúrò ọkọ, ọkọ náà ni, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi. Bó bá fi abọ́ mi bu oúnjẹ fún mi, màá jẹ ẹ́, màá sì fọ abọ́ náà fún un.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí rẹ sùn sọ́nà. Bí ọkọ rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, fi oríkì rẹ̀ kì í láàárọ̀ ná, kó o tó bá a jà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bọ́sẹ̀dé, tó ti padà wálé.