Ẹ̀wù Irin Àwọn Ará Tọ́kì

Sakété, 1927

Hàrúnà Àlàó, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lomé níbẹ̀? Omi òkun tó wà lẹ́bàá yín kò ní gbé ọ lọ, lágbára Ọlọ́run. Ara wa le níhìn-ín, ìyá rẹ Nímọ́tà ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bú mi bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n mú gègé.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ wa. O ní òjò lé ọ wọ ilé kékeré kan ní àdúgbò Kodjoviakopé, tí wọ́n ń pè ní mizé, tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, tí àwọn aládùúgbò pàápàá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, o sì bá ẹrù ogun àwọn ará Tọ́kì ayé àtijọ́ níbẹ̀: idà tó tẹ̀ kọrọdọ, ìbọn tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àṣíborí, àti ẹ̀wù tí wọ́n fi òrùka irin hun. Ìbọn onífàdákà! Ṣé ogun ni wọ́n ń lọ ni, àbí ìgbéyàwó? Àti ẹ̀wù yẹn, Hàrúnà, láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ wo ni aránṣọ náà lò? Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka orúkọ Tọ́kì, mo pe ìyá rẹ wá jókòó. O mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn Faransé kó ẹ̀gbọ́n rẹ Àyìndé lọ nígbà ogun ńlá. Láti ìgbà náà a kò rí i, a kò rí òkú rẹ̀, a kò rí akísà rẹ̀. Ìyá rẹ kò gbà kí a ṣe fìdáù fún un. Ó ní bí ọmọ òun bá kú, aṣọ rẹ̀ á délé.

O ní òyìnbó arúgbó tó ni ilé náà ń fi òróró pa irin wọ̀nyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ní ọmọlúàbí ni. Bí a ti ń ṣe níbí náà nìyẹn, ẹnìkan kì í fọwọ́ kan aṣọ òkú títí ẹbí yóò fi pé láti pín in. O wá ní ẹ̀wù náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Háà! Ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ẹbí kò tíì pé? Ìjà ogún ni, kò sí ohun mìíràn.

O tún ní o ka orúkọ Ọlọ́run lára àṣíborí kan, pẹ̀lú kéú tí a kọ́ ọ. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà. Ó bú sẹ́kún, ó ní ẹni tó ni àṣíborí náà ní ìyá pẹ̀lú. Àdúà tí kò jẹ́ kí a ṣe fún Àyìndé, ó jókòó, ó ṣe é fún ará Tọ́kì. Èmi náà sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn tí wọ́n ní kí ọmọ wa lọ bá jà ń kírun bíi tiwa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Bí òyìnbó yìí bá lè tọ́jú aṣọ àwọn ará Tọ́kì tó báyìí, ti Àyìndé lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Padà lọ. Bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, bonjour nìkan kò tó, dọ̀bálẹ̀ kí i. Sọ fún un pé ẹbí dé. Dàńṣíkí aláró ni ó wọ̀ lọ, èmi ni mo rán an, òwú pupa ni mo fi rán abíyá apá òsì nítorí òwú dúdú tán lọ́wọ́ mi. Bí ó bá wà níbẹ̀, ra aṣọ funfun díẹ̀ fi dì í, kí irin wọ̀nyẹn má baà fi ìpẹtà yí i. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ há a láàárín fún òwú mi àti ṣúgà ìyá rẹ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run yóò mú ọ wálé bá wa, ojú wa kò ní fọ́ kí o tó dé. Bí o bá sì wá a títí tí o kò rí i, má banújẹ́, Àlàó. Tètè kọ̀wé sí mi, kí n lè sọ fún ìyá rẹ pé dàńṣíkí náà ṣì wà lọ́rùn ọmọ wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìbítóyè aránṣọ