Bàbá Àwọn Ọmọ Mi Kò Lo Ẹ̀rọ Èémí Mọ́

Àǹtí Adébùkọ́lá, mo kí ẹ̀yin àti àwọn olùgbọ́ ètò yín láti Ugbowo, ní Benin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Èémí bàbá àwọn ọmọ mi máa ń dá dúró lójú oorun. Àbúrò wọn fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nímú ránṣẹ́ láti London, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Kò pẹ́, ikọ́ líle dé, àyà ń dùn wọ́n. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí inú rọ́bà tí atẹ́gùn ẹ̀rọ náà ń gbà kọjá. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a. Ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò lò ó mọ́, èémí wọn sì tún ń dá dúró lóru.

“Ikọ́ ni mo mọ̀,” wọ́n ní. “N kò mọ ìgbà tí èémí mi dá dúró rí.”

Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rù kì í tilẹ̀ bà mí mọ́. Mo kàn máa ń dùbúlẹ̀, tí n ó máa retí títí wọn yóò fi tún mí. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?