Màmá Notburga Seitz, Aránṣọ Àwọn Ayìnbọn Ebersried (1943–2024)

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1943 ni a bí Màmá wa, Notburga Seitz, sínú ìdílé Häberle ní abúlé Ebersried, lẹ́bàá ìlú Ulm, nílẹ̀ Jámánì. Bàbá wọn ni Xaver Häberle, ẹni tí ń fi awọ ṣe gàárì ẹṣin. Ìyá wọn ni Kreszentia, tí gbogbo abúlé mọ̀ mọ́ kéèkì ápù. Ojú ogun ni Bàbá Xaver wà nígbà tí wọ́n bí ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọdún 1947, ẹ̀yìn àdìrò ni Màmá sá pamọ́ sí, nítorí wọn ò mọ ọkùnrin tó wọlé.

Màmá parí ilé ẹ̀kọ́ abúlé ní ọdún 1957. Olùkọ́ wọn fẹ́ kí wọ́n di akọ̀wé, ṣùgbọ́n òórùn awọ ti wọ̀ wọ́n lára, ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni wọ́n ti lọ ṣiṣẹ́. Kátakátá ti lé ẹṣin kúrò lóko nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò ra gàárì mọ́. Bàbá Xaver wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ àti kánfáàsì rán jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ń fi ìbọn díje, irú èyí tó máa ń gbá ẹ̀yìn àti èjìká mú kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Oníbàárà ò sì wọ́n wọn, torí kò sí ọkùnrin Ebersried tí kò sí nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn, àfi ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá kọ̀ fún.

Ẹni tó bá wá wọn jákẹ́ẹ̀tì yóò mú ìbọn rẹ̀ dání. Yóò dúró, yóò kúnlẹ̀, yóò sì dojú dé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé ojú àmì wà níwájú rẹ̀, nítorí aṣọ tí a gé fún ẹni tó nàró yóò ká jọ sí i lára nígbà tó bá kúnlẹ̀. Nígbà tí àwa ọmọ wà ní kékeré, a ti bá fádà ìjọ wa lórí ilẹ̀ níbẹ̀, tí Màmá ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èjìká wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Màmá máa ń sọ fún gbogbo wọn: “Ẹ mí síta, kí ẹ fi ara sílẹ̀.”

Ní ọdún 1966, Bàbá Xaver gbà kí Màmá dá jákẹ́ẹ̀tì gé fún ìgbà àkọ́kọ́. Leonhard Seitz ló ni ín, ọmọ oníbúrẹ́dì, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í mì rárá lórí ìbọn, tí ikùn rẹ̀ sì ti ń sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó dé ibi ìdíje agbègbè wa, àwọn olùyẹ̀wò de bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Òfin ni pé aṣọ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù díẹ̀ níwájú ikùn, kó má bàa jẹ́ pé aṣọ ló ń gbé ayìnbọn dúró. Ti Leonhard há mọ́ ọn pinpin. Wọ́n dá a padà sílé láìyin ọta kan.

Ojú ti Bàbá Xaver gan-an. Wọ́n gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní kí wọ́n padà sídìí bọ́tìnnì rírán. Màmá sọ fún wa pé àwọn ò lè jẹun, nítorí bàbá wọn ti ń wá ọkùnrin tí yóò gba ìdí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ, bó bá sì ti débẹ̀, ó parí fún àwọn nìyẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pàdé, Leonhard dìde.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Notburga. Ohun tó rí ló wọ̀n. Èmi ni mo fa ikùn mọ́ra.”

Bàbá Xaver ní, “O fa kí ni?”

“Ikùn, sà. Gbogbo ìgbà tó ní kí n mí síta, ṣe ni mò ń díbọ́n.”

“Kí ló fa ìyẹn, ìwọ ọmọ yìí?”

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà. Kí ọmọge tó wù mí yí tépù mọ́ mi níkùn, kó wá máa ka gbogbo búrẹ́dì tí mo ti jẹ?”

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Leonhard! Ikùn tí a ń rí láti ìsàlẹ̀ òpópónà, ta lo fẹ́ fi pamọ́ fún?” Ẹ̀rín sọ, bíà dà sórí tábìlì. Bàbá Xaver nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá bá sísọ́ọ̀sì ní àyè wọn lórí tábìlì.

Ní ọdún 1968 ni Màmá àti Leonhard ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Ulrich Mímọ́. Màmá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá wọn ní ọdún 1979, jákẹ́ẹ̀tì wọn sì dé ìlú tí àwọn fúnra wọn ò dé. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n tún aṣọ àwọn fádà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé níṣẹ́. Màmá fúnra wọn ò yìnbọn rí. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ọdún 2015, àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bàbá wa Leonhard lára, wọ́n ń rù, síbẹ̀ wọn ò fi gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sílẹ̀. Màmá ń tú bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń tún un rán sínú. Nígbà tí Màmá wọ̀n wọ́n kẹ́yìn, Bàbá ń ti ikùn jáde.

Màmá ní, “Leonhard, o tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Bàbá ní, “Nígbà náà mo fà á wọlé, lónìí mò ń tì í jáde. Ìwọ náà lo ṣì ń kó mi sí wàhálà.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Bàbá láyà, wọ́n ní, “Mí síta, Leo, kí o fi ara sílẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.” Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni a fi sin Bàbá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni Màmá dákẹ́. Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé, Irmgard, tó wà nídìí tábìlì náà báyìí, àti Veit, tó jogún iṣẹ́ búrẹ́dì àti ikùn Bàbá. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni Franziska, Korbinian àti Notburga kékeré. Àárò wọn ń sọ wá. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ jù.

Màmá, gbogbo Ebersried lẹ ti wọ̀n, ẹ ò sì fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ó kan yín wàyí. Ẹ mí síta, kí ẹ fi ara sílẹ̀. Ẹ sùn ire o.