Iye Owó Tí Mo Kọ Sára Ọjà

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi lórí rédíò.

Igbó-Elérin ni mo wà. Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ní kí n máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù wọn, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Torí pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo fi páálí kéékèèké kọ iye owó sára gbogbo ọjà. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á kà á, wọ́n á sì lọ ra ọjà náà ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, níye kan náà! Mo bi ìyá kan léèrè ìdí. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ṣé páálí ni kí n máa bá nájà ni?"

Ni mo bá yọ iye owó kúrò lára ọṣẹ nìkan, mo ń wò. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Wọ́n á ná an títí, wọ́n á béèrè ilé ìwé tí mo lọ, wọ́n á sì san iye tí mo kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an.

Bí ọjà ò bá yá kí oṣù yìí tó parí, ẹ̀gbọ́n màmá mi máa gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹ máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tajà? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, mo fẹ́ kọ́ ọ sórí.

Èmi ọmọ yín, ní Igbó-Elérin.